Fíìmù Tó Jáde Lófìfo: Níbo Ni Ìmọ́lẹ̀ Ti Dúró?

Fọ́tò méjìlá ni mo yà fún Màmá ní Ìlá Ọ̀ràngún ní oṣù Kẹta ọdún yìí. Nígbà tí fíìmù náà jáde nínú omi, Màmá kò sí níbẹ̀. Àga tí wọ́n jókòó lé kò sí níbẹ̀, ògiri ẹ̀yìn wọn kò sí níbẹ̀. Ó mọ́ gaara láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ọ̀rá tuntun.

Kí n tó sọ ohun tó fà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Màmá wà lára àwọn àgbà mẹ́ta tí wọ́n yá mi ní ohùn wọn fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lórí ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ wọn lọ́nà márùn-ún, wọn kò sì bínú. Mo mú owó díẹ̀ lọ́wọ́, wọn kò gbà á. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n ya fún àwọn. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn bá lọ, àwọn kò fẹ́ kí ó jẹ́ fọ́tò káàdì ìdìbò ni àwọn ọmọ máa fẹ̀ sórí pátákó káàkiri ìgboro.

Nígbà tí mo yọ fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n nawọ́ sí fọ́tò kan lára ògiri, onígun mẹ́rin tó dọ́gba, tí àwọn àti ọkọ wọn jọ yà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Wọ́n ní onífọ́tò tó ya ìyẹn kì í wo èèyàn lójú. Orí kámẹ́rà ló máa ń tẹ̀ba lé bí ẹni tó ń wo inú kànga. Mo sọ fún wọn pé irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Màmá ní, "Ìyẹn ni kí o gbé wá."

Ẹni tó bá mọ Ìlá kò ní fi ọ̀rọ̀ fọ́tò ṣeré níbẹ̀. Ní 1978, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ àpilẹ̀kọ lórí iṣẹ́ fọ́tò láàárín Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts, Ìlá sì wà lára ibi tó ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí àwọn onífọ́tò ṣe máa ń tẹ àwòrán ìbejì tó kù láàyè lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé òun àti èkejì rẹ̀ tó ti kú jọ jókòó. Nílùú tí wọ́n ti ń fi fọ́tò dá ẹni tó ti lọ padà sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó kù, èmi ni mo wá ya ẹni tó wà láàyè tí kò hàn.

Tòkunbọ̀ ni kámẹ́rà mi. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá mi, owó tí mo fi odidi sáà ẹ̀kọ́ kan tù jọ ni mo sì fi rà á ní Èkó. Olójú méjì ni, lẹ́ńsì kan lókè, ìkejì nísàlẹ̀. Èyí tó wà lókè ni a fi ń wo ẹni tí a fẹ́ yà. Dígí kan tí wọ́n gbé dagun sí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbé àwòrán náà sókè sórí gíláàsì tí a ń tẹjú wò. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń ya fọ́tò. Fíìmù 120 ló ń lò, irú èyí tí Kodak gbé jáde ní 1901 tí wọ́n ṣì ń ṣe títí dòní. Ó fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 6, kò sì ní ilé onírin bíi ti fíìmù 35 mílímítà. Bébà gígùn kan ni wọ́n ká mọ́ ọn lẹ́yìn kí ìmọ́lẹ̀ má bàa bà á jẹ́. Fọ́tò 12 péré ló ń gbà nínú kámẹ́rà bíi tèmi.

Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ẹ̀ka wa ló ń bá mi fọ fíìmù ní Ìbàdàn. Balùwẹ̀ wọn ni yàrá òkùnkùn wọn. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán fíìmù òfìfo náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, lójú tèmi, mo ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn. N kò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ níbí, ṣùgbọ́n mo dárúkọ kẹ́míkà tó ti bàjẹ́, mo sì dárúkọ Màmá. Wọn kò bá mi jà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n kọ padà: "Wo etí fíìmù."

Etí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti ń ra kámẹ́rà àtijọ́ kiri fi sọ́kàn. Ẹ rántí pé lórí nẹ́gẹ́tíìfù, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà ló ń dúdú. Ibi tí kò dé ló ń mọ́ gaara. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fíìmù ti fi ìmọ́lẹ̀ kọ orúkọ fíìmù àti nọ́ńbà sí etí rẹ̀ kí wọ́n tó dì í sínú páálí. Àwọn lẹ́tà yẹn kì í hàn títí a ó fi fọ fíìmù. Kámẹ́rà kò lọ́wọ́ nínú wọn rárá. Kẹ́míkà àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń kọ developer sára ìgò rẹ̀, òun nìkan ló lè mú wọn jáde. Ní etí tèmi, ILFORD HP5 PLUS hàn ketekete, ó dúdú dáadáa, nọ́ńbà náà hàn. Nítorí náà, developer ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ̀bi ohunkóhun, èmi ni mo sì ní ẹ̀bẹ̀ láti bẹ̀.

Bí etí náà bá mọ́ gaara láìsí lẹ́tà kankan ńkọ́? Ìgbà náà ni kí a lọ wádìí ibi ìfọ̀. Ó lè jẹ́ pé developer ti kú, ó sì lè jẹ́ pé fixer ni wọ́n kọ́kọ́ dà sí i. Iṣẹ́ fixer ni láti kó gbogbo èròjà fàdákà tí developer kò tíì sọ di dúdú kúrò lára fíìmù. Bó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ wọlé, ó ti gbá gbogbo rẹ̀ dànù kí àwòrán tó yọ. Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń dán developer wò kí wọ́n tó fọ fíìmù olówó iyebíye rọrùn: wọn a gé orí fíìmù 35 mílímítà kan tí kò wúlò mọ́, wọn a jù ú sínú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ gbangba. Bí kò bá dúdú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn a da developer náà nù. Fíìmù tó bá sì dúdú látòkè délẹ̀, ìyẹn kì í ṣe òfìfo. Àpọ̀jù ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹnì kan ti ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, tàbí balùwẹ̀ kò ṣókùnkùn tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì mofọ́lọ́jì mọ̀ pé òfìfo kan yàtọ̀ sí òmíràn. Bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ àgbà tí n kò gbọ́ èsì lórí ẹ̀rọ, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ẹ̀ka-èdè wọn. Ó lè jẹ́ pé n kò béèrè rẹ̀ dáadáa. Ó sì lè jẹ́ pé èmi ni n kò tan ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀. A kì í kọ òdo sínú ìwé kí a tó mọ èyí tó jẹ́. Mo mọ èyí fún ọ̀rọ̀. N kò mọ̀ ọ́n fún fíìmù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, kí n wá wo nǹkan. Wọ́n tẹ́ fíìmù náà sórí aṣọ dúdú, wọ́n sì yí iná tábìlì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bá ti wọ fíìmù, báyìí ni àwòrán tó fẹ́lẹ́ ṣe máa ń yọ, á sì dà bíi fọ́tò gidi dípò nẹ́gẹ́tíìfù. A wò ó títí, a kò rí nǹkan kan. Nítorí náà kì í ṣe pé mo ṣi ìmọ́lẹ̀ wọ̀n. Ìta gbangba ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá ni mo ti yà á, ọ̀sán gangan. Ìmọ́lẹ̀ kò wọlé rárá ni.

Ọ̀nà tí fíìmù fi lè gba inú kámẹ́rà kọjá láìrí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ó lè jẹ́ pé a gbé fíìmù wọlé lódì. Ojú bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí gbọ́dọ̀ kọjú sí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kámẹ́rà. Bó bá kọjú sí lẹ́ńsì, bébà ni ìmọ́lẹ̀ ń bà, fíìmù wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń sùn. Mo rántí dájú pé mo rí ọfà tí wọ́n tẹ̀ sára bébà, mo sì mú un dọ́gba pẹ̀lú àmì inú kámẹ́rà kí n tó pa ìlẹ̀kùn. A yọ ìyẹn kúrò.

Bí fíìmù kò bá rìn ńkọ́? Bó bá dúró lójú kan, gbogbo fọ́tò 12 á ya léra wọn: àyè kan á dúdú kirikiri, ìyókù á mọ́. Bó bá jẹ́ pé ibi bébà tó ṣáájú fíìmù ló há sí, odidi fíìmù á mọ́ gaara lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ká mọ́ ọ̀pá kejì. Tèmi ká tán pátápátá, mo sì fi itọ́ lẹ ẹnu rẹ̀ fúnra mi. Ọmọrí lẹ́ńsì náà kò lè jẹ́, nítorí ọmọrí kámẹ́rà mi ń bo ojú méjèèjì papọ̀. Bó bá wà lórí rẹ̀, mi ò bá má rí Màmá. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kámẹ́rà olójú kan ni kí ẹ ṣọ́ra níbí. Lára lẹ́ńsì Mamiya RB67, fún àpẹẹrẹ, kókó kan wà tí wọ́n kọ N àti M sí. Bó bá wà ní M, tí ẹ tẹ bọ́tìnnì ara kámẹ́rà, dígí nìkan ló máa gbéra sókè. Ẹ ó gbọ́ ariwo rẹ̀, ó tó ariwo ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì kò ní ṣí títí ẹ ó fi tẹ okùn tó so mọ́ lẹ́ńsì náà fúnra rẹ̀.

Ó ku ṣọ́tà. Ewé irin pẹlẹbẹ ni ṣọ́tà kámẹ́rà mi, wọ́n tò ó yípo sáàárín lẹ́ńsì ìsàlẹ̀. Ó ń ṣí, ó ń pa dé, kí ojú tó ṣẹ́. Ibí yìí ni kámẹ́rà olójú méjì ti máa ń tan èèyàn jẹ jù. Lẹ́ńsì òkè kò ní ṣọ́tà. Bí ti ìsàlẹ̀ bá kú, ojú yín á ṣì máa rí gbogbo nǹkan kedere. Etí yín náà á gbọ́ "ká!" nítorí sípíríǹgì ló ń ké, kì í ṣe àwọn ewé náà. Mo rí Màmá lẹ́ẹ̀mejìlá, mo gbọ́ "ká" lẹ́ẹ̀mejìlá.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ yọ fíìmù kúrò, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ kọ lẹ́ńsì sí fèrèsé. Ẹ ṣí ihò lẹ́ńsì dé ibi tó fẹ̀ jù. Ẹ wò ó láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Bí a ṣe ń fi igba, igbá, ìgbà àti igbà hàn pé ohùn ló ń ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀ náà ni: bí a bá tún yí kọ́ńsónáǹtì mọ́ ohùn, a kò ní mọ èyí tó mú ìyàtọ̀ wá. Mo fi ihò lẹ́ńsì sílẹ̀ níbi tó wà, iye àkókò nìkan ni mo ń yí, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Ìlá.

Mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe. Ibi tí wọ́n kọ B sí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ṣọ́tà ti máa ń ṣí fún gbogbo ìgbà tí ìka bá fi wà lórí bọ́tìnnì. Ó lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí. Mo ní ṣọ́tà kò ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé e sí 1/125, iye tí mo fi ya Màmá gan-an. "Ká!" N kò rí nǹkan kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Òkùnkùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, òkùnkùn. Ní nǹkan bí ìgbà kẹwàá, ìmọ́lẹ̀ kọ yẹ̀rì. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ ló ń ṣí. Inú mi dùn, mo rò pé ó ti tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀gbọ́n ní kí a fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkùnkùn ni mo tún bá.

Òróró àtijọ́ ló fà á. Ó ti rìn láti ara ẹ̀rọ wọ àárín àwọn ewé náà, ó sì ti gan bí oje igi. Bí a bá ń tẹ bọ́tìnnì léraléra, ó ń jọ̀wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fi sílẹ̀, wọ́n tún lẹ̀ mọ́ra. Níbẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ tí mo rà á. Ẹni tó tà á fún mi ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ká, ká, ká, títí ó fi ní kí n wá yọjú wò ó. Mo yọjú, ìmọ́lẹ̀ kọjá, mo sanwó. N kò lè sọ pé ó tàn mí. Ó ṣeé ṣe kí òun náà má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ ra kámẹ́rà tòkunbọ̀, ẹ sọ fún un kó má tẹ nǹkan kan kí ẹ tó dé. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹ̀rí. Àwa tí a ń gba ohùn sílẹ̀ náà kúkú mọ̀ ọ́n: bí àgbà ṣe pe ọ̀rọ̀ nígbà àkọ́kọ́ ni ká gbọ́ dáadáa, kì í ṣe bí wọ́n ṣe pè é lẹ́yìn tí a ti ní kí wọ́n tún un pè nígbà mẹ́wàá.

Bàbá kan wà ní Ìbàdàn tó ṣì ń tún irú kámẹ́rà yìí ṣe. Wọ́n tú iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi epo tí wọ́n ń rọ sínú láítà fọ àwọn ewé náà, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n tún fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ léraléra, títí òróró kankan kò fi sí lára wọn mọ́. Epo yẹn ń gbiná kíákíá, fèrèsé ṣíṣí ni wọ́n jókòó sí. Àwọn kan máa sọ fún yín pé kí ẹ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Gbígbẹ fúráúrá ni ewé ṣọ́tà gbọ́dọ̀ wà. Òróró ló pa á, òróró kọ́ ló máa jí i.

Nígbà tí mo gbà á padà, mo dán an wò ní àárọ̀ mẹ́ta tẹ̀lérawọn, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni mo ń kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo yá fóònù ọ̀rẹ́ mi tó máa ń ya fídíò 240 àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá fi irú fóònù yìí ya ẹ̀yìn lẹ́ńsì nígbà tí ṣọ́tà ń ṣí, a lè ka iye àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ ti hàn. Ní 1/30, ó yẹ kó jẹ́ 8, nítorí 240 tí a bá pín sí 30, 8 ni. Ní 1/60, 4 ni. Mo rí 9 ní 1/30 àti 4 ní 1/60, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Fóònù kò lè sọ òótọ́ lórí 1/500, ó ti yára jù ú lọ. Mo tún fi odidi fíìmù kan ya ògiri, ewúrẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ mi níwájú ilé oúnjẹ. Owó rẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí yóò dùn mí jù.

Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ Màmá ti ń múra láti wá mú wọn lọ sí Èkó fún iṣẹ́ abẹ ojú, ìgbà tí wọn yóò padà kò sì dá ẹnikẹ́ni lójú. Mo pè wọ́n lórí fóònù rẹ̀, mo ṣàlàyé pé fọ́tò kò jáde. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ṣọ́tà fún wọn, mo kàn ní kámẹ́rà kò lajú. Màmá ní, "Ṣé mo ti kú ni? Tún wá yà á."

Mo dé Ìlá ní ọjọ́ méjì kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ti wé gèlè kí n tó wọlé. Kí n tó gbé fíìmù sínú kámẹ́rà, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo kọ ọ́ sí ojú ọ̀run, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ìmọ́lẹ̀ kọjá. Màmá béèrè pé kí ni mo ń wò. Mo ní kí wọ́n wá wò ó, àwọn náà sì yọjú síbẹ̀ pẹ̀lú ojú wọn tó ń dùn wọ́n, mo tún tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Wọ́n ní bí ojú ológbò.

Ohun tó wà nínú ìwé mi lábẹ́ ọjọ́ náà nìyí: fíìmù kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀, 1/125, gbogbo 12 jáde. Nọ́ńbà 3, Màmá ṣẹ́jú. Nọ́ńbà 5, ọmọ-ọmọ wọn kọjá níwájú. Nọ́ńbà 7, wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n wọ́n pa á mọ́ra. Nọ́ńbà 7 ni wọ́n mú, wọ́n sì ní kí n tẹ̀ ẹ́ ní méjì, kí ọ̀kan máa bá àwọn lọ sí Èkó.